Ọjọ́ Orí Kan Náà, Ara Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Ìyá Nọ́ọ̀sì Dáhùn Lẹ́tà Yín

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà ló sì kún inú wọn. Mo mú mẹ́ta. Ẹ̀yin tí ẹ béèrè nípa ọmọ tó ń hu eyín, ẹ ní sùúrù fún mi di oṣù tó ń bọ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Nọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ bàbá mi ni mo bá wá. Ọmọ Ọ̀fà ni, iṣẹ́ bíríkìlà ló ṣe. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ló wọ Abuja, nígbà tí ibi gbogbo ṣì jẹ́ igbó àti erùpẹ̀ pupa, ó sì wà lára àwọn tó mọ ilé tó pọ̀ níbí. Ó ti di ẹni ọdún 69. Lọ́dún tó kọjá, rọpárọsẹ̀ fọwọ́ bà á. Apá òsì kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́, orúnkún méjèèjì sì ń dùn ún débi pé ìdí ló fi ń wọ́ lọ sí balùwẹ̀ láàárọ̀. Ẹnjiníà tó máa ń gbé iṣẹ́ fún un nígbà yẹn, ẹgbẹ́ ni wọ́n, oṣù díẹ̀ ni bàbá fi jù ú lọ. Asokoro, àdúgbò àwọn olówó l'Abuja, ló ń gbé. Mo rí i níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, ó ń jó, ó ń bẹ̀rẹ̀ kanlẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti di ìjà nílé wa. Àbúrò bàbá mi ní ayé ló ń ṣe é. Ìyàwó mi ní bàbá ò tọ́jú ara wọn ni, pé wọ́n fẹ́ràn oògùn ara-ríro jù. Ìyá wa, kí ló fà á, kí sì ni ká ṣe? (A. K., Mararaba)

Ọmọ mi, o kú ìtọ́jú bàbá. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ìyàwó rẹ lóhùn, torí òun ló sún mọ́ òótọ́, ibi tó gbé ẹ̀bi lé nìkan ni kò dára.

Kílò 50 ni àpò sìmẹ́ńtì kan. Kò sí bíríkìlà tí kò kọ́kọ́ ṣe lébírà. Ó ti gbé àpò yẹn lórí, ó ti gbé e léjìká, ó ti gbé e gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọn ò tíì fi irin sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ti kúnlẹ̀ sórí kọnkéré láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ohun rírọ̀ tó wà láàárín egungun orúnkún ò lè ṣàìjẹ tán. Nígbà tó bá délé lálẹ́, tí gbogbo ara ń ro ó, tó sì mọ̀ pé bí òun ò bá jáde lọ́la, kò sí owó lọ́la, kí lo fẹ́ kó ṣe? Yóò lo oògùn ara-ríro kó lè sùn ni. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù ọkùnrin ni mo ń rí wọn: bíríkìlà, aláàárù, awakọ̀ tírélà, àwọn tó ti ń lo ibuprofen tàbí diclofenac lójoojúmọ́ láti ọdún pípẹ́, pẹ̀lú àpòpọ̀ tí wọ́n ń tà nínú mọ́tò. Ibuprofen àti diclofenac máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè, wọ́n ń ba kíndìnrín jẹ́, wọ́n sì ń dá egbò sí ikùn. Ní ti àpòpọ̀, steroid, oògùn líle kan, máa ń wà nínú òmíràn, ìyẹn sì ń gbé ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà sókè pọ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé oògùn tó gbé bàbá rẹ dìde lọ síbi iṣẹ́, tó fi san owó ilé ìwé rẹ, òun náà ló bá rọpárọsẹ̀ ṣílẹ̀kùn.

Ẹnjiníà ńkọ́? Orí àga ló wà. Bí orúnkún bá dùn ún, yóò gba àyè lọ rí dókítà, owó oṣù rẹ̀ kò sì ní dín kọ́bọ̀. Ìyàwó wa, má bínú sí mi, kì í ṣe pé bàbá ò fẹ́ tọ́jú ara wọn. Wọn ò ráyè ni.

N kò ní bá àbúrò bàbá jà o. Kí wọ́n ṣáà dáhùn ìbéèrè kan fún mi: kí ló dé tí ayé kì í ṣe àwọn ará Asokoro tó bó ṣe ń ṣe àwọn ará Mararaba? Bí ẹ bá sì ti ń náwó lórí ètùtù, ẹ yáa ṣírò iye oṣù tí owó yẹn ì bá fi ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé yín kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan. Lọ́dún 1967, àwọn oníṣègùn kan ní London bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa àwọn ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba níbẹ̀, àwọn tó lé ní 17,000. Whitehall ni wọ́n ń pe ìwádìí náà, Michael Marmot sì ni orúkọ rẹ̀ wá hàn jù nínú iṣẹ́ yẹn. Láti 1948 ni ilé ìwòsàn ìjọba ti di ọ̀fẹ́ nílẹ̀ wọn, kò sì sí èyí tí ebi ń pa nínú àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì wọ̀nyí. Síbẹ̀, láàárín àwọn ẹni ọdún 40 sí 64, àwọn mẹ́sẹ́ńjà àtàwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ń kú tó ìlọ́po mẹ́ta àwọn ọ̀gá àgbà. Wọ́n rò pé sìgá ni. Wọ́n yọ sìgá kúrò nínú ìṣirò, wọ́n yọ ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n yọ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ìyàtọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀. Èyí tó mú mi lọ́kàn jù ni pé kì í ṣe ìsàlẹ̀ àti òkè nìkan ló yàtọ̀ síra. Bí àkàbà ló rí: ẹni tó tẹ̀ lé ọ̀gá àgbà pàápàá ń tètè kú ju ọ̀gá àgbà lọ, ẹni tó tẹ̀ lé ìyẹn tún ń tètè kú jù ú lọ. Lọ́dún 1996, Marmot àti Shipley ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ohun tí wọ́n rí lẹ́yìn ọdún 25 jáde. Ọ̀pọ̀ àwọn ọkùnrin náà ti fẹ̀yìn tì nígbà yẹn, kò sí ọ̀gá, kò sí mẹ́sẹ́ńjà mọ́, ṣùgbọ́n ikú ṣì mọ ipò tí oníkálukú ti wà.

Ibi tí ẹ ń gbé náà dá kún un. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ Abuja, kí olú ìlú tó kúrò l'Ékòó ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1991, Nyanya àti Karu ni wọ́n kó àwọn lébírà sí. Nígbà tó tún di pé wọ́n ń wó ilé kiri láàárín 2003 sí 2007, pé ìlú gbọ́dọ̀ bá àwòrán tí wọ́n yà mu, ọ̀pọ̀ tálákà ló kẹ́rù wọn lọ sí Mararaba. Ìpínlẹ̀ Nasarawa sì ni Mararaba, kò sí nínú FCT, ìyẹn agbègbè olú ìlú. Ètò adójútòfò ìlera tí ìjọba FCT ń ṣe ò kan bàbá tó fọwọ́ ara rẹ̀ mọ FCT. Bí wọ́n bá ní kó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Gwagwalada, òdìkejì ìlú nìyẹn, ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta, gosíló Nyanya láti ìdájí, pẹ̀lú ẹni tí yóò mú un lọ́wọ́ dání tí kò ní lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Láti oṣù Karùn-ún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, mo mọ àgbàlagbà tó pọ̀ tí wọn ò lọ fún àyẹ̀wò mọ́. Wọ́n á sọ fún dókítà pé àwọn gbàgbé ọjọ́. Irọ́ ni, owó ọkọ̀ ni kò sí.

Ó dára, kí ni kẹ́ ẹ ṣe? Ẹ̀jẹ̀ ríru ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dojú kọ. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ bà lẹ́ẹ̀kan, ẹlẹ́ẹ̀kejì ló yẹ ká máa bẹ̀rù. Ẹ má dúró de Gwagwalada, ẹ gbé bàbá lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ní wọ́ọ̀dù yín. Kí wọ́n jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ̀rọ̀, kí wọ́n gbé apá ọ̀tún, èyí tó yá, lé tábìlì, kí wọ́n tó wọn ẹ̀jẹ̀ wọn. Kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé, máa mú ìwé yẹn dání nígbà gbogbo. Kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò sínú láílọ́ọ̀nù kan, èyí tí wọ́n ń fi pa mọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí pẹ̀lú, kí nọ́ọ̀sì rí i. Kò ní bú yín. Bó bá bú yín, sọ pé èmi ni mo rán ọ.

Ti balùwẹ̀ yẹn ń dùn mí. Wíwọ́ nídìí lórí sìmẹ́ńtì lójoojúmọ́ máa dá egbò sílẹ̀, egbò ara àgbàlagbà kì í sì í tètè jinná. Wá káfíńtà àdúgbò. Kó kan igi tó nípọn mọ́ ògiri láti ẹnu ọ̀nà yàrá dé balùwẹ̀, níbi tí ọwọ́ ọ̀tún bàbá yóò ti máa dì í mú, kó sì ṣe àga tí kò ga jù, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní rọ́bà, tí wọ́n á máa jókòó wẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ ilé ìwòsàn bí ẹ ṣe lè rí oníṣẹ́ ìdárayá, ẹni tí wọ́n ń pè ní físíò. Bí owó ò bá gbé e kó máa wá déédéé, kó wá lẹ́ẹ̀kan, kó kọ́ ìwọ àti ìyàwó rẹ bí ẹ ó ṣe máa na apá yẹn àti ẹsẹ̀ wọn nílé.

Lẹ́yìn náà, lọ sí ọ́fíìsì adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ Nasarawa pẹ̀lú NIN bàbá. Béèrè iye tí wọ́n ń gbà lọ́dún lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Béèrè pẹ̀lú bóyá wọ́n lè kọ orúkọ bàbá sílẹ̀ lábẹ́ owó tí òfin ìlera ọdún 2014 yà sọ́tọ̀, ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 owó àpapọ̀ ìjọba. Àwọn tí ò ní lọ́wọ́ ni wọ́n ń fi apá kan nínú rẹ̀ tọ́jú ní àwọn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Wọ́n lè ní àyè ti kún. Tún padà lọ.

Ọ̀kan tó kù kò gba owó rárá. Lọ́dún 2003 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ n'Íbàdàn bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí àwọn ẹni ọdún 65 sókè ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, Kwara àti Kogi wa wà níbẹ̀. Wọ́n rí i pé bí arúgbó bá ń bá ẹbí àti àdúgbò da nǹkan pọ̀, ìyẹn wà lára ohun tó ń mú ayé rọrùn fún un jù. Ilé yín ní Mararaba ńkọ́? Gbogbo yín á ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ nítorí gosíló, alẹ́ lẹ ó sì wọlé. Ta ló ń bá bàbá sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án? Wá àwọn ọmọ Ọ̀fà tó wà nítòsí, kí wọ́n máa yà kí wọn. Ẹnjiníà yẹn náà, pè é. Má tijú. Ẹni tó jẹ́ pé ọwọ́ bàbá rẹ ló fi kọ́lé lè san owó ọkọ̀ Gwagwalada láìmọ̀ ọ́n lára.

Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú làákàyè. Sẹkitéríàtì ìjọba àpapọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì ní NHIS, adójútòfò ìlera òṣìṣẹ́ ìjọba. Lẹ́yìn ikú bàbá wa, mo mú ìyá mi wá sọ́dọ̀ mi ní Kubwa láti Kabba. Ẹni ọdún 74 ni wọ́n, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Nígbà tí mo mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn tí mò ń lò, wọ́n ní orúkọ wọn ò sí lórí káàdì mi. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn? Ohun mìíràn tún wà: oògùn oṣù kan tí mo rà fún wọn, oṣù kejì ti ń parí lọ, kò tíì tán. Tí mo bá béèrè, wọ́n á ní, "Ó ṣì wà níbẹ̀." (F. B., Kubwa)

Bó ṣe rí nìyẹn, àbúrò mi. Káàdì yẹn kan ìwọ, ọkọ rẹ, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Òfin 1999 tó dá NHIS sílẹ̀ ti kúrò nílẹ̀, ti 2022 ló sọ ọ́ di NHIA, tó sì ní adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ìyá tó bí òṣìṣẹ́ ò sì tíì bá òṣìṣẹ́ wọ inú káàdì. Ó jọ pé àwọn tó gbé ètò yẹn kalẹ̀ ò gbé pẹ̀lú ìyá wọn rí. Ìwọ fúnra rẹ ń san ìdá 10 péré nínú 100 owó oògùn rẹ. Ìyá rẹ tó sùn sí yàrá kejì ń san gbogbo rẹ̀, ẹni tí kò sì gba owó oṣù kankan ni. Béèrè lọ́wọ́ HMO rẹ, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó adójútòfò rẹ, bóyá o lè san owó lé e kí wọ́n fi ìyá kún un. Bí ìyẹn bá wọ́n jù, inú FCT ni Kubwa wà, ètò ti ìjọba FCT wà fún wọn. Fi méjèèjì wéra kó o tó sanwó.

Ti oògùn tí kì í tán, ìyá ń ṣún un lò ni. Wọ́n ti rí iye tó o san. Láti 2023 tí owó náírà ti já wálẹ̀, tí GSK, ilé iṣẹ́ oògùn ńlá yẹn, náà kéde pé òun ń palẹ̀ mọ́ kúrò ní Nàìjíríà, kò sí àgbàlagbà tí kò mọ iye tí oògùn di. Mo dúró ní kẹ́mísì kan ní Nyanya nígbà tí bàbá kan wọlé wá ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Owó ẹyọ mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ wọn. Ọmọbìnrin tó ń tà á fa sísọ́ọ̀sì yọ, ó gé e ní igun káàdì oògùn náà, ó sì ju èyí tó kù padà sínú páálí. Apá tó kù yẹn ni orúkọ oògùn wà, òun náà ni ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ wà. Mo bi bàbá bóyá wọ́n mọ iye mílígírámù tí wọ́n ń lò. Wọ́n ní, "Èyí funfun kékeré yẹn ni." Oògùn funfun kékeré mélòó ló wà nínú kẹ́mísì yẹn!

Ewu tó wà nínú ti ìyá rẹ nìyí. Dókítà yóò wọn ẹ̀jẹ̀, yóò rí i pé kò wálẹ̀, yóò rò pé oògùn kò ká a, yóò sì fi kún un. Ọjọ́ tí ìyá bá wá lò ó pé nítorí pé o dúró tì wọ́n, ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, òyì á kọ́ wọn, wọ́n á ṣubú. Egungun ìbàdí tó bá kán lẹ́ni ọdún 74, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Nítorí náà, sọ òótọ́ fún dókítà kó tó kọ oògùn tuntun.

Má bá ìyá jà. Jókòó tì wọ́n, sọ iye tó o yà sọ́tọ̀ fún oògùn lóṣù, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, kí wọ́n sì gbọ́ iye tí gbígbé wọn dé wọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kan yóò ná ọ. Ìyá tó tajà rí mọ èyí tó wọ́n nínú méjèèjì. Má ra oògùn olórúkọ ńlá. Amlodipine fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti metformin fún àtọ̀gbẹ tí wọ́n ṣe níbí, tó ní nọ́ńbà NAFDAC, lọ́dọ̀ oníkẹ́mísì tó ní ìwé àṣẹ, ó tó. Káàdì odindi ni kó o rà. Kí metformin tẹ̀ lé oúnjẹ. Bí wọ́n bá ń gbààwẹ̀, kí dókítà mọ̀ ṣáájú.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Sabon Gari ní Kano ni mo wà, ẹ̀kọ ni mò ń tà, mo ti di ẹni ọdún 66. Ọmọ aládùúgbò mi ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ojú mi ọ̀tún ti funfun láàárín, ti òsì ti ń tẹ̀ lé e. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà kan fún mi ní igba náírà, ó ní ẹgbẹ̀rún ni, mo sì fún un ní ṣéńjì. Málàámù kan máa ń wá ságbègbè wa, ó ní òun á fi abẹ́rẹ́ ti yánà náà, ohun funfun tó dí ojú yìí, kúrò lójú ẹsẹ̀, owó rẹ̀ ò sì pọ̀. Ó ṣe é fún obìnrin kan níbí, ó ríran lọ́jọ́ yẹn gan-an. Àwọn ọmọ mi wà n'Ílọrin, wọ́n ní kí n ní sùúrù. Ṣé kí n ṣe é? (Ìyá Ẹlẹ́kọ, Kano)

Ẹ má ṣe é, ìyá mi. Mo bẹ̀ yín.

Òótọ́ ni pé obìnrin yẹn ríran. Ohun tó dí ojú ni málàámù fi abẹ́rẹ́ tì sẹ́yìn, inú ẹyinjú ló ṣì wà. Ìmọ́lẹ̀ á wọlé lọ́jọ́ yẹn, wọ́n á sanwó, málàámù á lọ. Lẹ́yìn náà ni ojú á máa pọ́n, á máa wú nínú, tí ọ̀pọ̀ wọn á sì fọ́ pátápátá, èyí tí kò sì ní àtúnṣe mọ́. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n á yọ ohun tó ti dí yẹn kúrò, wọ́n á fi gíláàsì kékeré rọ́pò rẹ̀ nínú ojú. Wọ́n á fi oògùn mú kí ojú nìkan má mọ ìrora, ẹ ò ní sùn lọ, kì í sábà tó wákàtí kan, ẹ sì lè padà sílé lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ̀yin nìkan kọ́ ni. Nígbà tí wọ́n wo ojú àwọn ẹni ogójì ọdún sókè káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007, ó lé ní 4 nínú 100 tó ti fọ́jú, irú èyí tó ń ṣe yín yìí ló sì fa 43 nínú 100 ìfọ́jú náà. Afọ́jú tó ṣeé là ni wọ́n, obìnrin ló sì máa ń pẹ́ jù kí wọ́n tó rí iṣẹ́ abẹ náà ṣe, nítorí ìyá ni yóò sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ sanwó ilé ìwé ọmọ.

Ẹ̀ka ojú wà ní ilé ìwòsàn Aminu Kano níbẹ̀, ilé ìwòsàn ojú ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Kaduna. Ẹ lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, torí àwọn àìsàn ojú kan wà tí wọ́n jọ ọ́ tí wọn kì í ṣe òun. Ẹ béèrè iye owó rẹ̀ fún ojú kan, kí ẹ fi èyí tó burú jù bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, torí ìjọba àtàwọn aláàánú máa ń gbé irú rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Títí dìgbà náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ tó bá yín kọ lẹ́tà yìí máa jókòó ti owó lórí àtẹ.

Kó sì fi iye tí wọ́n bá dá lé e ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù àwọn ọmọ yín tó wà n'Ílọrin. Mo fẹ́ fúnra mi bá wọn sọ̀rọ̀ lórí sùúrù yẹn.